Kí Helmi Tó Yé

Ẹ̀yìn páálí bisikíìtì ni Pihla kọ ọ́ sí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì:
"Bàbá, ẹ má gbé e. Ẹ má fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.
Ẹ wọ́n omi sínú àpótí rẹ̀ láràárọ̀.
Tí kò bá jẹun, ẹ má pè mí lẹ́ẹ̀mẹwàá."
Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àgọ́ ológun,
ó fi mí sílẹ̀ ní Kemi, èmi àti òtútù,
èmi àti ọmọńlé alámì ẹkùn kan tó ti fẹ́ra kù.

Helmi ni wọ́n ń pè é. Ìlẹ̀kẹ̀ ni, lédè wa.
Bó bá na ara mọ́ dígí, ẹ ó rí méjèèjì lábẹ́ awọ,
funfun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
bí ẹ̀wà pòpòǹdó nínú àpò ọ̀rá.

Ìrẹ̀ ni mo ń fún un.
Mo ti gbọ̀n wọ́n nínú lẹ́búlẹ́bú kálísíọ̀mù
títí wọ́n fi dà bí alágbàṣe ilé ìyẹ̀fun.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń jẹ márùn-ún, ó ń wo ọwọ́ mi fún ìkẹfà.
Lánàá, ó wo ìrẹ̀, ìrẹ̀ wò ó.
Irú tirẹ̀ ní ìpéǹpéjú:
ó rọra pa á dé mọ́ wa lójú.

Èmi tí mo fi ogún ọdún fọ́ yìnyín lórí òkun,
tí mo mọ bí irin ṣe ń ké nígbà tí omi bá di òkúta,
èmi náà ni mo kúnlẹ̀ síwájú àpótí dígí,
tí mò ń wo òṣùwọ̀n ooru bí ẹni ń retí àlejò:
ọgbọ̀n lé kan níhìn-ín, mẹ́rìnlélógún lọ́hùn-ún,
kó lè yan èyí tó wù ú.
Ọgbọ̀n náà ni níta,
nísàlẹ̀ òdo.

Ike wàrà ni mo fi ṣe yàrá ìkúnlẹ̀ rẹ̀.
Mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi pépà oníyanrìn ra etí ihò náà
kó má baà ha á níkùn.
Háhá àgbọn ni mo kó sínú rẹ̀
(àgbọn, ní Kemi! èso tí n kò rí lórí igi rí),
mo rẹ ẹ́ sómi, mo fún un títí ó fi ku ẹ̀kán kan.
Kó rin, kó má ṣàn, bí Pihla ṣe wí.
Akọ wà ní yàrá kejì, ó ń forí gbá dígí.
Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Lóru ọjọ́ kẹta, iná lọ.
Mo rọ omi gbígbóná sínú ìgò mẹ́rin,
mo wọ ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn fún wọn, mo tò wọ́n yí i ká,
mo fi ẹ̀wù tí mò ń wọ̀ lórí ọkọ̀ bo gbogbo rẹ̀.
Mo jókòó. Dígí fèrèsé ń di yìnyín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọjọ́ tí wọ́n bí Pihla, rédíò ló sọ fún mi:
obìnrin ni, ìyá ń sùn.
Mo ní, "Mo gbọ́," bí ẹni tí wọ́n sọ ojú ọjọ́ fún,
mo padà sídìí ẹ́ńjìnnì.
Wọ́n ní ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ.
N kò gbọ́ ọ̀kankan.

Nígbà náà ni nǹkan ró lábẹ́ ẹ̀wù:
ṣìrì. Ṣìrì-ṣìrì.
Ó ń walẹ̀ nínú àgbọn.
Ó dákẹ́. Mo gbà pé ó ń sinmi. Èmi náà ò mí.
Ṣìrì.

Aago márùn-ún, iná dé, gbogbo nǹkan inú ilé kùn lẹ́ẹ̀kan náà.
Ó yọ orí jáde, háhá lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀,
ikùn rẹ̀ ṣì wúwo, méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ sórí tẹlifóònù: "Kò tíì yé. Ó ń walẹ̀."
Mo fẹ́ pa á rẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹwàá yẹn.
Mo fi kún un: "Mo wà níbẹ̀,"
mo sì fi ránṣẹ́.