Ìkòkò Ẹ̀yìn Òmùpo

Ọ̀gá Gíwá ní kí n ká máàpù sílẹ̀.
"Wo ilẹ̀," ó ní. "Ilẹ̀ ni yóò sọ ibi tí o wà fún ọ."
Mo wolẹ̀.
Omi Asà ti kù sẹ́yìn ìrù ọkọ̀ wa,
ojú irin tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó ń lọ sí Ọ̀fà
bí okùn tí ẹnìkan gbàgbé láti ká.
Òrùlé Gánmọ, òrùlé Ìdòfìán, páànù tó ti dípẹtà,
gbogbo wọn ló jọra láti òkè.
Ọyẹ́ bò wọ́n bí ìgbà tí ọmọ da èlùbọ́ sójú afẹ́fẹ́.

Ìgbà tó yá, ó yọ:
ó funfun, ìbàdí rẹ̀ fún, ẹnu rẹ̀ là sókè,
Ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é nílé wa.
Pátákó ìjọba ní ilé tí omi gbígbóná yóò ti máa tutù ni,
ti iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí yóò tan iná títí dé Ìlọfà.
Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.
Èyí, ìdí rẹ̀ ò gbóná rí.
Wọ́n mọ ọ́n dé ọrùn, wọ́n mọ ọ́n dé ẹnu,
owó tán, tàbí owó rìn,
agbaṣẹ́ṣe di ẹni àwátì, pátákó wó lulẹ̀,
ìyàwó ọlọ́dẹ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.
Ọlátìnwọ̀ apo-kọnkéré,
tó ń gun pákó láàárọ̀ bí ẹni gun ọ̀pẹ, láìsí igbà.
Owó oṣù mẹ́rin ni wọn ò san fún un.
Ó ní òun fi èékánná kọ orúkọ mi sí sìmẹ́ńtì tútù
lókè téńté, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ irọ́ bàbá rẹ̀.

Àtùpà la fi ń kàwé lábẹ́ òjìji rẹ̀.
Àdán ń gbé inú rẹ̀, lékeléke ń ṣu sí i létí,
ìyá àgbà mi ń sá láfún sí ìdí rẹ̀,
torí kọnkéré ibẹ̀ dán, kò ní iyanrìn.

Ọ̀gá Gíwá gbé rédíò sẹ́nu:
"A wà lórí Ìkòkò, a fẹ́ yà sósì."
Ẹni tó wà ní Ìlọrin dáhùn pé, "Mo gbọ́. Ìkòkò."
Ó pè é bí ẹni pe orúkọ ìlú tó lọ́ba.
Mi ò sọ nǹkan kan.
Bí mo bá ní bàbá mi wà lára àwọn tó mọ ọ́n,
ọ̀gá á ní kí n wo ìwọ̀n epo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi nìkan ni.
Àga ọ̀tún ṣófo, bẹ́líìtì dè é mọ́ra
bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀.
Ọyẹ́ ti gbé ojú irin mì. Ó gbé Ìdòfìán mì.
Mo ka ìṣẹ́jú, mo tún un kà,
itọ́ gbẹ lẹ́nu mi,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ́ńjìnì sọ̀rọ̀ bí ẹni bẹ màlúù.
Àfi etí Ìkòkò, etí rẹ̀ nìkan,
tó léfòó lórí eruku bí igbá lórí omi.

Wọn ò ní kí n yí i ká. Mo yí i ká.
Mo dẹ apá òsì ọkọ̀ sílẹ̀, mo wá orúkọ mi.
Ìgbẹ́ ẹyẹ ni mo rí, àti ipa òjò tó dúdú,
àti nǹkan funfun kan nílẹ̀,
àti ẹnìkan tó fi ọwọ́ ṣíji bojú.
Mo yà sósì.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, iná pápá ọkọ̀ òfuurufú hàn.

Mo pe bàbá mi lálẹ́.
Ó ní, "Ṣé ó ṣì dúró?"
Mo ní ó ṣì dúró.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, "Oṣù mẹ́rin, Àyọ̀ká. Oṣù mẹ́rin gbáko."