Òṣùwọ̀n

Mo gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sábẹ́ páànù ilé Tàbáwà ní Jẹ́gà.
Aago méjì òru: méjìdínlógójì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé nǹkan yìí lè fẹ́ atẹ́gùn?"
Mo ní rárá, ó kàn ń wọn ooru ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tún wọ́n omi sórí ẹní
kí Sàmínù lè rí oorun sùn.

Lọ́dún tó kọjá, yírùnyírùn mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ
kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.
Òjò náà pẹ́. Ìyẹn wà nínú ìwádìí mi.
Orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀;
nọ́ńbà ni ọ̀gá mi ní kí n máa lò:
mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì.
Tàbáwà na abẹ̀bẹ̀ sí mi nínú òkùnkùn:
"Gbà, bá mi fẹ́ ọmọ díẹ̀. Apá ń ro mí."