Aláǹgbá Inú Ògiri

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bítírúsì, ní Dútsè Àlhájì,
níbi tí a ti ń fi igba náírà gba iná sí fóònù,
ni mo ti kọ́kọ́ rí i:
ògiri kan nínú géèmù, tó ní ihò tí ojú ò rí.
Wàá dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá epo,
wàá fò lẹ́ẹ̀kan, wàá yí ẹ̀yìn padà kí o tó balẹ̀,
ògiri á sì gbé ọ mì
bí ọmọdé ṣe ń gbé kóró àgbálùmọ̀ mì.
Inú ibẹ̀ dúdú, ó pa rọ́rọ́.
Ìwọ ń rí wọn. Wọn ò rí ọ.
Ọta wọn ò wọlé; tìrẹ ń jáde.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ta ní í he owó lójú ọ̀nà tí í lu agogo?

Idẹ ni mí lọ́jọ́ Ajé.
Kó tó di Jímọ̀ mo ti di fàdákà.
Wúrà. Lọ́sẹ̀ kejì
wọ́n gbé adé kékeré kan lé orúkọ mi lórí,
ó ń kọ yẹ̀rì lójú fóònù mi tó ti là.
Àwọn ọmọ Kúbwà ń pè mí ní Ọ̀gá.
Ẹnìkan láti Kàdúná fi dátà ránṣẹ́,
ó ní kí n jẹ́ kóun wà nínú ikọ̀ mi.
Mo jẹ dátà náà.

Ṣùgbọ́n Talátù ń bẹ,
ọmọ ìyá oní-másà.
Ìlà àwọ̀ ewé kan gba àárín ojú fóònù rẹ̀ kọjá,
òróró wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, á nù ún sára aṣọ kó tó yìnbọn.
Fàdákà ni láti ìgbà òjò. Fàdákà ni nígbà tí ọyẹ́ dé.
Lálẹ́ ọjọ́ kan a pàdé lójú ogun. Mo wà nínú ògiri.
Ó dúró síwájú mi, ó ń wòkè, ó ń wẹ̀yìn,
ó ń wá ẹni tó ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo gbọ́ òṣé rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì kejì,
kì í ṣe nínú géèmù, létí mi gan-an.
Mo tún yìn ín.

Lówùúrọ̀ ó gbé másà mẹ́ta wá, ṣúgà lórí rẹ̀:
"Ọ̀gá, kọ́ mi ní ẹyọ kan péré. Báwo lo ṣe ń fara pamọ́?"
Mo ní sùúrù ni.
Másà náà há mi lọ́fun.

Bíríkìlà ni bàbá mi.
Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹnu ògiri àwọn olówó Gwarinpa ló ń dí.
Ó ní ilé kì í ṣàdédé là:
ẹnìkan ti rí ìlà náà nígbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun,
ó fi kàlẹ́ńdà bò ó.
Mi ò gbójú kúrò lára fóònù.

Lọ́jọ́ kan géèmù ní òun fẹ́ gba àtúnṣe.
Dátà Kàdúná ni mo fi gbà á.
Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá epo, mo fò, mo yí ẹ̀yìn padà,
mo forí gbá búlọ́ọ̀kù.
Mo tún fò. Búlọ́ọ̀kù.
Àwọn bíríkìlà kan tí mi ò mọ̀, nílùú tí mi ò mọ̀,
ti rẹ́ ẹ pa.
Mo wà níta tèmi tadé,
láàárín àwọn tó fi ìka ara wọn gun òkè yìí.

Wọ́n pa mí kí n tó mí.
Ẹnìkan pa mí tán, ó kọ̀wé sí mi:
"Ọ̀gá, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí aláǹgbá ń ṣe
lọ́jọ́ tí ògiri bá panu dé,
tí ìrù rẹ̀ ṣì wà nínú.

Talátù di wúrà lánàá.
Ó pariwo títí a ò fi gbọ́ jẹnẹrétọ̀ Bítírúsì mọ́.
Èmi ti padà sí fàdákà. Mo jókòó tì í.
Mo ní, "Kọ́ mi ní ẹyọ kan péré."
Ó wò mí. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀.
"Másà mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wàá ti rà á."
Mo ń tú àpò wá owó.
Mi ò tíì sọ̀rọ̀ ògiri.