Kòsẹ́nimọ̀la àti Bisikíìtì

Ọkọ mi ló sọ àkọ́kọ́ lórúkọ,
lọ́dún tí wọn ò san owó oṣù tíṣà fún oṣù mẹ́sàn-án.
Ó gbé e wálé nínú àpò sìmẹ́ńtì, imú rẹ̀ funfun,
ó ní, "Kòsẹ́nimọ̀la ni yóò máa jẹ́."
Títí dòní, bí mo bá ké láàárọ̀ pé
"Kòsẹ́nimọ̀la o! Wá jẹun!"
ẹni tó ń kọjá lọ sóko a dáhùn lójú ọ̀nà:
"Òótọ́ ni, Màmá. Okun o."

Ọmọ ọmọ mi, Bámitálẹ́, ló sọ èkejì.
Ó wo àwọ̀ ara rẹ̀, ó ní Bisikíìtì.
Mo ní, ta ló ń fi oúnjẹ sọ ajá?
Ó ní, "Màmá, ta ló ń fi òwe sọ ọ́?"
Mo dákẹ́.

L'Ógìdì wa yìí, òkúta a máa gbóná títí dalẹ́.
Kòsẹ́nimọ̀la a na ara lé àpáta ẹ̀yìnkùlé bí aṣọ tí a sá.
Bisikíìtì a wá sábẹ́ òfì mi,
a gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ mi òsì.
Bí mo bá fi ọ̀pá lu òwú, gbì,
etí rẹ̀ kan a mì.
Lọ́jọ́ kan ó wọ́ ìdì òwú aláró
dé ilé Ìyá Ibitóyè, ó yí igi ọsàn po lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo ń tú u, mo ń ṣépè,
Ìyá Ibitóyè ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Nígbà kajú, ẹnu Bisikíìtì a pọ́n, a máa lẹ̀.
Èso náà ló ń jẹ, kóró ló ń fi sílẹ̀ fún mi,
ọmọ dáadáa.
Àwọn tó ń fi òṣùwọ̀n ra kóró a bẹ̀rù láti wọlé:
ẹni tí kò gbó rárá ni wọ́n ń bẹ̀rù,
àgbà tó jókòó, tó ń wo ọwọ́ wọn.

Iṣu tuntun dé.
Ọkọ mi a máa bu ti ajá kí ó tó bu tiwa,
ó ní àwọn ló sùn sóko nígbà tí ọ̀yà ń yọ́ wá.
Èmi ni mo ń bù ú báyìí.
Bisikíìtì gbé e mì ní gbígbóná, ó ké, ó tún padà wá.
Kòsẹ́nimọ̀la wo iṣu,
ó wo àga ìdí ògiri,
ó tó jẹ.

Ọyẹ́ dé. Mo fi òrí pa gìgísẹ̀ mi tó sán,
mo fi ìyókù pa imú wọn.
Eérú ààrò ni wọ́n ń sùn sí;
bí ilẹ̀ bá mọ́, ajá eérú méjì ló ń kí mi.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kérésìmesì:
n kò tíì gbọ́ nǹkan kan, Kòsẹ́nimọ̀la ti dìde.
Ìgbà tí mo máa rí eruku,
mọ́tò Mèdùpín ti dé ẹnu ọ̀nà,
ọmọ mẹ́rin, ìrẹsì àpò kan, ariwo.
Wọ́n ju bángà lálẹ́, Bisikíìtì bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Bámitálẹ́ rá wọlé tẹ̀ lé e,
ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jẹ ìrẹsì.
Itan ewúrẹ́ kan sọnù.
Mo bi wọ́n. Ọ̀kan ń wo òrùlé,
èkejì ń wo ọ̀kan.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ kẹta ọdún tuntun.
Tẹ́lẹ̀, Kòsẹ́nimọ̀la a sáré tẹ̀ lé mọ́tò dé oríta.
Lọ́tẹ̀ yìí, ìdí máńgòrò ló ti dúró,
ó jókòó, ó ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ké pè é wá jẹun.
Kò sẹ́ni tó ń kọjá.
Mo dúró díẹ̀, àwo lọ́wọ́ mi,
mo bá dá ara mi lóhùn.