Aago Eré Bàbá Mi

Láàárín òkúta kìlómítà kan sí èkejì
lójú ọ̀nà Lhotka, ní ilẹ̀ Moravia,
níbi tí igi plọ́ọ̀mù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀,
mo di ọwọ́ Jawa bàbá mi mú,
mo gbé abẹ́rẹ́ aago eré rẹ̀ dé orí ọgọ́rùn-ún,
mo sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá.

Mẹ́rìndínlógójì ló yẹ kó jẹ́.
Mo ka mọ́kànlélógójì.
Mo ṣẹ́rí padà, mo tún un sá. Mọ́kànlélógójì.
Atẹ́gùn wà lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kejì, kò là mí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá.
Tiwa yìí ti sáré fún ọdún mọ́kànlélógójì,
iye ọdún tí mo ti lò láyé,
àárín òkúta méjì ni mo ti bá a.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí mi,
Bàbá fi alùpùpù gbé agbẹ̀bí, Ìyáàfin Zdislava, wá
nínú yìnyín, láti ìlú kejì.
"Lórí ọgọ́rùn-ún géérégé!" ni ó máa ń wí,
yóò gbá tábìlì, ife ọtí yóò fò.
Ó wí i ní gbogbo Kérésìmesì,
ó wí i níbi ìgbéyàwó mi,
ó wí i níbi ìsìnkú Hynek pàápàá,
Hynek tó fún un ní táyà ẹ̀yìn.

Táyà ọ̀hún ló fà á. Ó kéré.
Bí ọmọdé bá ń bá àgbà rìn,
ẹsẹ̀ ọmọdé ló ń pọ̀, ọ̀nà kò pọ̀ sí i.
Aago eré kò sì mọ ọ̀nà.
Yíyí ló ń kà.

Mo lọ bá agbẹ̀bí. Ó ń bó ọ̀dùnkún,
kò gbójú sókè.
"Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? Èmi ni mo ní kó rọra.
Ní gbogbo ìyànà ló ń bi mí
bóyá mo ṣì wà lẹ́yìn.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ìwọ, jẹ́ kó rí bó ṣe wí i."

Ìyá mi, tó ti ṣe akọ̀wé owó rí, gbé gègé.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kìlómítà ni aago kà.
Ó yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó fà á nílà lábẹ́.
Ó wò ó títí.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ," ó wí,
"tí ó fi wà nílé, tí mo rò pé ó jáde."

Lọ́jọ́ Sátidé mo tú wáyà aago.
Mo ki jíà kékeré kan bọ àárín rẹ̀,
kò ju kóró èso kan lọ:
eyín mẹ́rìnlá ń ti mẹ́rìndínlógún.
Mo fi gírísì pa á. Mo dè é.
Iṣẹ́ wákàtí kan, pẹ̀lú tíì.

Àmì pupa kan wà lórí ọgọ́rùn-ún,
ọ̀dà èékánná ìyá mi ni Bàbá jí fi tò ó.
Abẹ́rẹ́ kì í dé ibẹ̀ mọ́.
Mi ò ha á kúrò.

Mo gbé Màmá sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́.
Ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà,
ohùn kan náà tí mo ń gbọ́ láti ilé
kí n tó mọ nǹkan kan.
Ó fi àgbọ̀n lé mi léjìká, ó pariwo sí mi létí:
"Mélòó?"
"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."
Ó gbá ìbàdí mi mọ́ra gírígírí.
"Ó ti pọ̀ jù," ó wí. "Rọra."