Páànù Òkúta Mọ́kàndínlógún

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Òdò-Àpáta.
Èmi ni mo mú kálámù dání lọ́jọ́ náà,
èmi àti ìwé olójú-ewé ọgọ́ta tí ọmọ mi ṣe ìṣirò dé ìdajì
kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kàbà.
Mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba dé lórí ọ̀kadà,
eruku pupa kùn ún dé ìpéǹpéjú.
Ó ní ìjọba yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa,
ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún náírà, mẹ́wàá ni tiwa.
Ẹ lè fi owó san án, ó ní, ẹ lè fi òógùn san án.

Baba Arókòyọ̀ dìde:
"Ìjọba tó ní òun ń fúnni ní nǹkan,
ṣé ó tún ń tà á ni?"
A rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín.
"Baba, ohun téèyàn bá fi orí ara rẹ̀ rù,
kì í pè é ní ti ìjọba lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́."
Mo kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé.
Àwọn ọkùnrin ní iwájú ààfin ni kí ẹ̀rọ wà,
kí àlejò tó bá wọ̀lú lè rí i.
Fẹ́híntọlá dìde, oyún oṣù mẹ́jọ níwájú rẹ̀:
"Ṣé àlejò ló ń pọnmi?"
Ó gbé garawa òfìfo, ó kọrí sí ìsàlẹ̀ ìlú,
ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè,
àwa náà ń tẹ̀ lé e, àwọn olóyè mú fìlà lọ́wọ́.
Irínwó ó lé ogún.
Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ààfin mọ́.

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí, ẹ wò ó:
Ìbítóyè àti àwọn ọmọ rẹ̀, yanrìn odò, páànù ogójì.
Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kòtò gbígbẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ba ọjọ́ kejì jẹ́.
Àwọn ọmọ wa ní Àbújá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà;
ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí.
Baba Arókòyọ̀, kò tíì mú nǹkan wá.
Màmá Ayédùn, òkúta wẹ́wẹ́, páànù mọ́kàndínlógún.

Ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó ti àpáta, ó ń fi òòlù fọ́ ọ.
A ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi, a ti yọ yín kúrò."
Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ mí?
Kọ orúkọ mi. Kà á fún mi.
Tún un kà."

Omi jáde ní oṣù Ẹ̀bìbì. Pátákó dé:
orúkọ ìjọba, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, nọ́ńbà iṣẹ́.
Wọ́n ṣi orúkọ ìlú wa kọ.
A pàtẹ́wọ́ náà ni. Olórí àlejò bu omi mu,
ọkọ̀ wọn sì gbéra kí ẹ̀wà tó jinná.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì, ẹ̀rọ dákẹ́.
Rọ́bà kan ló já nínú rẹ̀, kò tó àtàǹpàkò.
Àwọn kan ní ká kọ̀wé sí Lọ́kọ́ja.
Àwọn kan ti gbé garawa, wọ́n ti kọjú sódò.
Mo lọ mú ìwé wá.
N kò ka ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba;
orúkọ ni mo kà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí kálukú rù.
Mo dé orí Màmá Ayédùn,
oṣù Ṣẹẹrẹ la sin ín,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe fẹ́.

Arókòyọ̀ ló kọ́kọ́ dìde.
Ó na ẹgbẹ̀rún méjì sí mi, kò wojú mi.
"Kọ ọ́," ó ní,
"kí o sì pa ti tẹ́lẹ̀ yẹn rẹ́."

Mo kọ ọ́.
N kò pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.