Àbúrò Iyọ̀

Nọ́ọ̀sì Ọláìtán ní inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á,
pé àbúrò iyọ̀ ni, àmọ́ a kì í fi í sebẹ̀.
Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó:
funfun, kò ju ojú ẹja lọ.
Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ.
Èmi gbé e mì.

Ọdún tó kọ́kọ́ gbé mi, òru mẹ́sàn-án ni n kò fojú kan oorun.
Gbogbo ìràwọ̀ tó wà lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo sọ lórúkọ.
Mo ta ọkọ̀ bàbá mi fún ará Ẹ̀jìrìn kan,
mo fi gbogbo owó rẹ̀ ra síméńtì:
afárá ni mo fẹ́ kọ́, tèmi nìkan,
láti Marínà dé òdìkejì omi.
Àádọ́rin àpò.
Òjò mu wọ́n yó, wọ́n di òkúta sẹ́yìnkùlé.
Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ Múínátù ń sùn lórí wọn.

“Inú ọpọlọ,” nọ́ọ̀sì ní, “wọn kì í fara kan ara wọn.
Àlàfo tíńtín ló wà láàárín wọn.
Bí atukọ̀ ṣe ń ju okùn sẹ́ni tó dúró ní èbúté,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn.
Lọ́jọ́ tó gbé ọ,
gbogbo atukọ̀ ló ń jùkùn lẹ́ẹ̀kan náà.”
Oògùn yìí kì í gé okùn, ó ní.
Ó kàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra.
Mo bi í: báwo ló ṣe ń bẹ̀ wọ́n?
Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà pàápàá ò tíì rídìí rẹ̀ tán.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí.
Òǹgbẹ ń gbẹ mí, èmi tí mo ń gbé etí omi.
Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi wò:
bó bá kéré níbẹ̀, afárá ń bọ̀;
bó bá pọ̀ jù, kíndìnrín á sunkún.

Ohun tí n kò sọ fún Múínátù:
àárò àwọn ìràwọ̀ yẹn máa ń sọ mí.
Lóṣù ààwẹ̀ èṣí mo pa oògùn tì,
mo ní nítorí ààwẹ̀ ni.
Irọ́ ni. Mo fẹ́ tún mọ orúkọ wọn ni.
Lọ́jọ́ kẹtàlá, mo ti ń bèèrè iye tí síméńtì ń lọ.
Àáfà Jímọ̀ ló wá jókòó tì mí lórí òkúta yẹn,
ó ní, “Ọlọ́run ti fún aláìsàn láyè. Mu omi rẹ.”

Mo mu ún.

Nísinsìnyí, bí alẹ́ bá lẹ́,
ìràwọ̀ kàn jẹ́ ìràwọ̀,
mo sì ń sùn.
Láàárọ̀, mo ń tún àwọ̀n oníàwọ̀n ṣe.
Pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n yìí, kókó rẹ̀ wọ́ díẹ̀.
Ẹja ò mọ̀.